Àṣẹ Lórí Làmídì, Akọ̀wé Kọ́ńpínnì Pákó

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ìgbín! Ẹni tó ń gúnyán, kó dá ọmọ odó dúró. Ẹni tó ń bá ìyàwó jà, kó sinmi díẹ̀. Kábíyèsí ní ẹ kú ilé.

Ẹ mọ̀ pé kọ́ńpínnì pákó ìlú wa ti kó ìwé rẹ̀ lọ sí àwọsánmà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńláńlá tó wà lókè òkun, tí a ń fi fóònù wò. Ire ni. Ikán ò lè jẹ ẹ́. Òjò ò lè rin ín. Ẹni tó wà ní Kánò lè wo ìwọ̀n ilẹ̀kùn tó ní kí a bá òun ṣe. Ni wọ́n bá ní kí Làmídì akọ̀wé lọ sinmi lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ sí Ìlá, ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́, ọ̀la sì ni ìkómọ. Ó ti lọ agbádá.

Páásíwọ́ọ̀dù ló dá wàhálà. Lẹ́tà mẹ́fà ni, a pín in fún ìjòyè mẹ́fà. Lẹ́tà Jagun, tó kéré jù nínú ìjòyè, ló ṣáájú. Ọ̀tún, tó ga jù wọ́n lọ, ní èèwọ̀. Ó tẹ tiẹ̀ ṣáájú. Kò ṣí. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò ṣí. Ìgbà karùn-ún, kọ̀ǹpútà ní òun ò bá wọn ṣe mọ́ títí di oṣù tó ń bọ̀. Ó wá ku Làmídì nìkan, tó há gbogbo ìwọ̀n sórí.

Nítorí náà, Kábíyèsí pàṣẹ.

Èkíní: Làmídì ò gbọdọ̀ kúrò nílùú.

Èkejì: Kò gbọdọ̀ ní ibà. Kò gbọdọ̀ gun igi. Ẹni tó bá mú un bínú débi tó gbàgbé ìwọ̀n fèrèsé kan, oko ọba ni yóò ro fún oṣù mẹ́ta.

Ẹ̀kẹta: Kò gbọdọ̀ kú. Mo tún un wí, kò gbọdọ̀ kú. Bó bá kú, yóò san ewúrẹ́ méjì.

Ẹ̀kẹrin: Ẹni tó bá ní kí Ọ̀tún jẹ́ kí Jagun ṣáájú ti rí ọba fín. A ó lé e nílùú lójú ẹsẹ̀, kò sì ní í padà títí oṣù yóò fi lé.

Mo ké e dé iwájú ilé Làmídì láàárọ̀ yìí. Ó ń sunkún nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹ̀kẹrin, ó nu ojú, ó wọ agbádá, ó bọ́ síta. Ó wí i lẹ́ẹ̀mẹta, kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́, pé kí Ọ̀tún jẹ́ kí Jagun ṣáájú.

Àṣẹ ọba kì í yẹ̀. A ti lé Làmídì. Ó ti wọkọ̀ Ìlá.

Agogo ni tèmi, ọ̀rọ̀ ni ti Kábíyèsí. Ẹni tó bá ń retí ilẹ̀kùn, kó fi ẹní dí ẹnu ọ̀nà ná.