Àwọ̀ Ìbídùn Lójú Kọ̀ǹpútà Mọrẹ́nikẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ojú olójú kò jọ ojú ẹni? Àwọn kan á ní òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí baba ńlá wa. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé Alàgbà Ọdẹ́wálé ní Ìsẹ́yìn ló ti bẹ̀rẹ̀, owú ló sì bí i.

Àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ti gbó. Ojú ewé tí wọ́n fi ń kọ̀wé lórí wọn kò ní àwòrán, kò ní ọ̀ṣọ́, lẹ́tà ṣáá ni. Ó pẹ́ tí Mọrẹ́nikẹ́, akọ̀wé ibẹ̀, ti ń kọ dúdú lórí funfun, ara sì tù ú, títí Ìbídùn, ọmọ iṣẹ́ tuntun, fi dé. Ọmọ yìí kó àwọ̀ kan sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀: ojú ewé di dúdú bí aró, àkọlé pọ́n bí osùn, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ funfun bí òwú.

"Ẹ wo iṣẹ́ ọpọlọ!" ni Alàgbà ń wí ṣáá. "Mọrẹ́nikẹ́, ìwé ìsìn ìkórè ìjọ wa ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn. Bó bá dára, ìwọ ni màá fi ṣe olórí yàrá yìí. Bí kò bá dára, Ìbídùn ni."

Owú dé bá Mọrẹ́nikẹ́. Bó bá kúnlẹ̀ àdúrà tó dijú, àwọ̀ Ìbídùn ló ń rí.

Bí Ìbídùn ṣe jáde lọ ra bọ̀ọ̀lì báyìí, Mọrẹ́nikẹ́ da fáìlì àwọ̀ náà kọ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó kọ ìlà kan sínú ètò rẹ̀ pé àwọ̀ yìí ni kó máa lò, ó pa á, ó tún ṣí i. Yéè! Àkọlé pọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ti pòórá. Ojú ewé tirẹ̀ kò kúrò ní funfun, ọ̀rọ̀ sì ti di funfun lórí rẹ̀. Kò mọ̀. Ó rò pé bọ́tìnì ló kú. Ló bá lọ sábẹ́ àkọlé "Ìjọ yóò dáhùn", ó ń tẹ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ síbẹ̀ láti fi dán an wò. Kò rí nǹkan kan. Ó tún tẹ èyí tó burú jù ú lọ.

Ìbídùn wọlé. "Àǹtí mi, òógùn bò yín. Ṣé kí n bá yín wò ó?"

"Wo tìẹ! Ta ló sọ fún ọ pé ojú mi fọ́?"

Alàgbà náà dé. "Ọkọ̀ ìjọ ń dúró. Ṣé o ti wò ó?"

Ṣé kó wá jẹ́wọ́ lójú Ìbídùn ni? "Mo ti wò ó, sà. Funfun báláú ni, kò lábàwọ́n."

Ni wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, wọ́n dì í. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò mọ àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà, dúdú ló ń tẹ gbogbo ọ̀rọ̀. Ta ló sì ń ka ìwé tó ń dì?

Lọ́jọ́ ìkórè, Alàgbà fúnra rẹ̀ ló dìde darí àdúrà ìdáhùn. "Olúwa, a dúpẹ́ fún òjò àti oòrùn."

Gbogbo ìjọ dáhùn lóhùn kan: "Àwọ̀ lásán ni Ìbídùn ní, kò mọṣẹ́!"

Alàgbà rò pé etí òun ni. "A dúpẹ́ fún irè oko wa."

"Orí pípá ọ̀gá ń dán ju kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ!"

"Àmín o, Jésù!" ni Ìyá Ìjọ fi tì í lẹ́yìn, nítorí ó gbàgbé awò rẹ̀ sílé.

Nígbà tí ìsìn parí, Mọrẹ́nikẹ́ ń wá ibi tí yóò wọlẹ̀ sí. Ìbídùn bá a lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. "Háà, Àǹtí mi! Mo rí àwọ̀ mi lójú kọ̀ǹpútà yín. Ìmọ́lẹ̀ funfun ló máa ń ta mí lójú. Dókítà ló ní kí n sọ ojú ewé mi di dúdú. Ẹ ò bá bi mí, ìlà kejì tó ń sọ ọ́ di dúdú wà, ẹ ò kọ ọ́."

Àṣé oògùn ojú ni Mọrẹ́nikẹ́ ń jowú láti ọjọ́ yìí!

Alàgbà dé, ó ti fi fìlà bo orí dáadáa. "O ní o wò ó?"

"Mo wò ó, sà. Àwọ̀ Ìbídùn ni mo fi wò ó."

Alàgbà mi orí abẹ́ fìlà. "Ìbídùn, o ti di olórí yàrá. Mọrẹ́nikẹ́, gbọ́ o: ojú olójú kò jọ ojú ẹni."

Ibẹ̀ ló ti wá. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi orí Alàgbà: ojú olójú kò jọ ojú ẹni.