Igi Tó Ń So Sálúbàtà

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí rélùwéè dé Ẹdẹ nígbà náà, ìjọba òyìnbó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo igbó etí odò Ọ̀ṣun bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú. Olúṣọlá akọ̀wé, ará Èkó, ni òyìnbó tó ń ṣèwádìí igi mú wá láti máa là á lọ́yẹ, ọkùnrin tí ìbéèrè kankan kì í bá lójijì. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ó ń kan èèkàn funfun mọ́ ilẹ̀ Ọ̀ṣunfúnkẹ́, opó kan tó ń dáko létí odò, nígbà tí obìnrin náà yọ sí i tòun ti àdá.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, akọ̀wé. Ẹran ta lẹ fẹ́ so mọ́ ilẹ̀ mi?

Akọ̀wé: Èèkàn ìjọba nìyí, Ìyá, kì í ṣe ti ẹran. Igbó yìí ti di igbó ọba láti òní lọ.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Ọba wo? Ṣé Tìmì gbọ́ sí i?

Akọ̀wé: Ọba ìlú òyìnbó.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Ẹni tí kò wá sí Ẹdẹ rí?

Akọ̀wé: Kò pọn dandan kó wá. Èmi wá.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Kí ló fẹ́ fi ilẹ̀ mi ṣe? Ṣé yóò gbin iṣu ni?

Akọ̀wé: Kò ní gbin nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni kò sì ní gbin nǹkan kan. Ọ̀gá mi fẹ́ máa wo bí igi ṣe ń dàgbà ni.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Yóò jókòó síbí kó máa wò ó?

Akọ̀wé: Fún ogún ọdún.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Yé! Ta ni yóò máa gbé oúnjẹ wá fún un?

Akọ̀wé nu ojú rẹ̀. Oòrùn ò tíì mú, àmọ́ obìnrin yìí ti ń mú.

Akọ̀wé: Ìyá, òfin ni mò ń sọ. Ilẹ̀ tí kò bá ní olóko, ti ìjọba ni.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Èmi ni olóko.

Akọ̀wé: Oko dà? Igi ni mò ń rí, àti ìtàkùn, àti okété kan tó kọjá lẹ́ẹ̀kan tí kò tilẹ̀ kí mi.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Ilẹ̀ ń sinmi ni. Ọkọ mi ló gbin iṣu síbẹ̀ kẹ́yìn kó tó kú. Látìgbà náà la ti fi í sílẹ̀ kó lè sanra padà. Igbó tó wà létí omi lọ́hùn-ún, a kì í ṣán ìyẹn rárá, òun ló ń di ilẹ̀ mú tí odò bá kún. Èyí tó kù yìí, ọdún yìí ló kàn tí mo fẹ́ ṣán an kí n kọ ebè. Bí mi ò bá kọ ebè síbí, akọ̀wé, àwọn ọmọ mi ò ní rí iṣu jẹ lọ́dún tó ń bọ̀. A ò ní ibòmíràn mọ́.

Akọ̀wé: Ilẹ̀ kì í sinmi, Ìyá. Iṣẹ́ kí ló ṣe tó fi rẹ̀ ẹ́?

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ebè sẹ́yìn yín kí wọ́n gbin iṣu sí i, ká wò ó bóyá kò ní rẹ ẹ̀yin náà.

Akọ̀wé: Kò burú. Kí ló fi hàn pé ilẹ̀ tó ń sinmi yìí, tiyín ni?

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Ààlè mi wà níbẹ̀. Mo so ó mọ́ ara igi yí gbogbo ilẹ̀ ká. Ọmọdé tó bá rí i mọ̀ pé ilẹ̀ náà lólúwa, tó bá sì fọwọ́ kàn án, ohun tójú rẹ̀ bá rí, kó gbà á bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé: Mo ti rin ilẹ̀ yìí já dé etí odò. Kò sí ààlè kankan.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Kò sí sálúbàtà kan tí mo so rọ̀ sára ìrókò yẹn?

Akọ̀wé rọra fi ẹsẹ̀ ti àpò kan tó wà nílẹ̀ sẹ́yìn ara rẹ̀.

Akọ̀wé: Irú sálúbàtà wo nìyẹn?

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Sálúbàtà awọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ti ọkọ mi ni. Mo so àgékù ìgbálẹ̀ mọ́ igi kejì. Mo so ìkarahun ìgbín mọ́ ẹ̀kẹta, kí ilé olè lè ṣófo bíi tiẹ̀. Kí ló wà nínú àpò yẹn?

Akọ̀wé: Ẹrù ìjọba.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Ìgbálẹ̀ ìjọba ló yọrí síta yẹn?

Ó fa àpò, akọ̀wé fà á padà. Àpò ya. Ohun gbogbo dà sílẹ̀, ìwé pélébé kan sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ sọ lórúkọ.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Ààlè mi! Ẹ já ààlè mi, ẹ wá ń wí pé kò sí ààlè!

Akọ̀wé: Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, Ìyá. Ọ̀gá mi rí wọn lórí igi. Ó bi mí pé kí nìyẹn. Mo sì dá a lóhùn.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Kí lẹ wí?

Akọ̀wé: Mo ní èso igi náà ni.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Sálúbàtà?

Akọ̀wé: Ṣebí ó ń rọ̀ lára igi! Kí là ń pe ohun tó bá ń rọ̀ lára igi?

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Ìgbálẹ̀ ńkọ́?

Akọ̀wé: Mo ní òdòdó rẹ̀ ni.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Ìkarahun ìgbín?

Akọ̀wé: Kóró rẹ̀. Ó mì ín títí, kò gbọ́ kí nǹkan kan mì nínú rẹ̀. Mo ní kò tíì gbó ni.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Òyìnbó sì gbà á gbọ́?

Akọ̀wé: Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jẹun alẹ́. Ó ti kọ̀wé ránṣẹ́ sílé. Ó ní bí a bá lè gbin igi yìí káàkiri, kò ní sí sójà tí yóò tún fi ẹsẹ̀ lásán rìn mọ́ láyé.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó nawọ́ sí ibi tí ẹrù dà sí láti mú sálúbàtà ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rín náà sì dáwọ́ dúró.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Akọ̀wé.

Akọ̀wé: Ìyá.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Méjì ni.

Akọ̀wé: Kí ló jẹ́ méjì?

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Sálúbàtà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni mo so. Ẹsẹ̀ òsì, a sin ín mọ́ ọkọ mi.

Akọ̀wé: Ó so! Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ó so òmíràn! Mo sọ fún... Ẹ ní ẹ sin ín mọ́ ta ni?

Àwọn méjèèjì wo ìrókò. Wọ́n wo ara wọn. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà rẹ̀ kiri kó lè sá lọ, fìlà sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ló kọ́kọ́ ní àyà, ó gbé sálúbàtà kejì sí imú.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Ẹ má sá. Òórùn ẹsẹ̀ Sàídì nìyí.

Akọ̀wé: Ta ni Sàídì?

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Ẹni tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà. Ó wá so ààlè tirẹ̀ mọ́ igi mi, kó lè sọ lọ́jọ́ kan pé òun ló ni ín!

Akọ̀wé: Ṣé ó dá yín lójú?

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Òórùn yìí máa ń wọlé kí òun alára tó kan ilẹ̀kùn.

Akọ̀wé: Ọlọ́run ṣeun o.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Ọpẹ́ kí ni? Ẹni méjì ló ń jí ilẹ̀ mi, ọ̀kan ń fi bàtà jí i, ọ̀kan ń fi èèkàn jí i.

Akọ̀wé kúnlẹ̀. Àwọn ará Èkó kì í sábà kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, nítorí náà ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti dójú ẹ̀.

Akọ̀wé: Ẹ gbà mí, Ìyá. Lọ́la ni ọ̀gá mi ń gbé àpótí ìyàwòrán bọ̀, ó fẹ́ rí èso náà lórí igi. Bó bá dé tí kò rí i, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ẹ bá mi so wọ́n padà.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ já a, ẹ so ó.

Akọ̀wé: Láti àná tí mo ti já a fún ọ̀gá mi ni inú ti ń run mí! Àwọn aláàárù mi kọ̀ láti fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ẹni tó so ó nìkan ló lè so ó.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó yá, yọ èèkàn rẹ.

Ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ: "ẹ̀yin" ti di "ìwọ". Ìjọba ti wálẹ̀ díẹ̀.

Akọ̀wé: Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Bí igi sálúbàtà bá wà níbí, ọ̀gá mi yóò fẹ́ gba ilẹ̀ náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Kò ní gbà á. Sọ fún un pé igi yìí kì í so àfi níbi tí opó bá ti ń dáko. Kí opó gbin iṣu, kó fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi, kó tún padà wá gbin iṣu. Ọjọ́ tí èèkàn bá kan ilẹ̀ náà ni gbogbo sálúbàtà orí rẹ̀ yóò já bọ́.

Akọ̀wé: Irọ́ gbáà nìyẹn!

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Irọ́ ta ni? Ìwọ lo bí i, èmi kàn ń bá ọ tọ́ ọ ni.

Akọ̀wé wo odò, ó wo igi, ó wo àpò tó ya. Ó dìde, ó ń fa èèkàn tu. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ń tẹ̀ lé e, ó ń fi àdá tọ́ka sí èyí tó bá fẹ́ gbàgbé. Nígbà tí èèkàn tán nílẹ̀, obìnrin náà di gbogbo wọn pọ̀, ó ní wọn á dára fún iná.

Akọ̀wé: Ó tán. Ilẹ̀ ti di tiyín.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Tèmi ni tẹ́lẹ̀. Gbé ìgbálẹ̀ yẹn wá kí n so ó.

Akọ̀wé: Ìyá, ó ku nǹkan kékeré kan. Ọ̀gá mi bi mí lánàá bóyá èso náà ṣe é jẹ.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Kí lo wí?

Akọ̀wé: Mo ní kò sí ohun tí àwa èèyàn dúdú fẹ́ràn tó o. Ó wá ní tóun bá dé lọ́la, òun fẹ́ wo bí mo ṣe ń jẹ ẹ́.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe é, lóòótọ́ ni.

Ọ̀ṣunfúnkẹ́: Ọ̀nà àbáyọ kan wà. Sọ fún un pé ààlè ni, pé o ò mọ̀ ọ́n nígbà tó bi ọ́. Gbólóhùn kan péré ni. "Mi ò mọ̀." Wí i kí n gbọ́.

Akọ̀wé la ẹnu. "Mi...," ó wí. "Mi ò...," ó tún wí, òógùn bò ó. Ó pa ẹnu dé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé sálúbàtà méjèèjì, ó fi ọwọ́ tẹ ọ̀kan, ó tẹ èkejì.

Akọ̀wé: Ìyá, nínú méjèèjì yìí, èwo ló máa tètè jinná?