Èkúté Kan, Ọ̀mọ̀wé Mẹ́ta

Èkúté kan ṣoṣo ni.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí tí ẹ bá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí já sí, ẹ ó rò pé agbo èkúté ló ya wọ ilé ẹ̀gbọ́n mi. Rárá o. Ọ̀kan péré. Ìrù rẹ̀ gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni. Ẹ̀gbọ́n mi, Alhájà Mìsítúrà, ṣí ike gaàrí nínú kíṣìnì rẹ̀ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, èkúté yìí sì jókòó sórí gaàrí, ó ń wò ó bí ẹni pé òun ló ni ilé, tí Alhájà wá tọrọ nǹkan.

Alhájà pa ike dé, gbàà. Ó pè mí. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí, mo wà ní ìsinmi ráńpẹ́ ní Elephant and Castle, tíì ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Làtíìfù, èkúté wà nílé mi."

"Ẹ ra tàkúté, Alhájà."

"Wolé-wolé ń bọ̀ ní Jímọ̀."

Mo gbé tíì sílẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé mọ́ínmọ́ín ni Alhájà ń sè tà látinú ilé. Tí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìdajì mọ́ṣáláṣí ń yà sí. Ọdọọdún ni wolé-wolé káńsù máa ń wá wo kíṣìnì. Tó bá rí ìgbẹ́ èkúté, kódà kó jẹ́ hóró kan, ó parí. Ilẹ̀kùn á tì pa.

Mo tún sọ ọ́: "Ẹ ra tàkúté. Ó wà ní Rye Lane níbẹ̀ yẹn."

Ó pòṣé. "Èmi tí mo ní ọ̀mọ̀wé mẹ́ta nílé, èmi ni kí n máa ra tàkúté kiri?"

Ayálégbé ni àwọn ọ̀mọ̀wé náà. Yàrá mẹ́ta ni Alhájà fi háyà, gbogbo wọn ló sì ń ka PhD.

Habeebullah ń ka báyọ́lọ́jì. Ọdún karùn-ún rẹ̀ rèé tó ń ṣèwádìí ẹsẹ̀ òsì kòkòrò kan tí kò tó hóró ìrẹsì. Mo bi í nígbà kan pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ńkọ́. Ó ní ẹlòmíì ló ni ìyẹn, ní Jámánì.

Tòún tó wà lókè àjà ń ka fìlọ́sọ́fì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ti ń bá jìjàkadì láti ọdún mẹ́fà: ṣé ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí wà lóòótọ́? Ìdí nìyẹn tí kì í fi í fọ ẹ̀yìn àwo.

Ti Jabez ni ètò ọrọ̀ ajé. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti kọ ojú ìwé ọ̀ọ́dúnrún lórí ìdí tí èèyàn fi ń tò sórí ìlà. Òun fúnra rẹ̀ kì í tò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi náà ti dé, Alhájà pè wọ́n sí pálọ̀. Ó kọ́kọ́ bọ́ wọn.

"Ẹ ti yó?"

"A dúpẹ́, Mummy."

"Ó dáa. Ẹ lé èkúté yẹn jáde kó tó di Jímọ̀."

Habeebullah ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mummy, kòkòrò ni tèmi. Èkúté ò sí lábẹ́ iṣẹ́ mi."

"Ṣé èkúté ò lẹ́sẹ̀ òsì ni?"

Habeebullah wá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan èkúté náà ná. A ò mọ irú èkúté tó jẹ́, a ò mọ ibi tó ń sùn, a ò mọ ohun tó fẹ́ràn. Kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀.

Tòún nawọ́ sókè. "Báwo la ṣe mọ̀ pé èkúté ló wọlé wa, tí kì í ṣe pé àwa la wọlé èkúté?"

Alhájà dá a lóhùn.

"Tòún, ọdún méjìlélógún ni mo fi san gbèsè mọ́géèjì ilé yìí. Ní kí èkúté mú rìsíìtì tiẹ̀ wá."

Jabez rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tó fà á tí èkúté fi ń ráyè ni pé kò sí ẹni tó máa jèrè tó bá pa á. "Mummy, ẹ fi ẹ̀bùn sí i. Ẹni tó bá mú òkú èkúté wá, ẹ fún un ní mọ́ínmọ́ín méjì. Tó bá fi máa di Tọ́sìdeè, èkúté á tán ní àdúgbò yìí pátápátá."

Alhájà pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ tó kàwé."

Mo ní, "Tàkúté..."

"Làtíìfù, lọ wa bọ́ọ̀sì ẹ."

Mo lọ wa bọ́ọ̀sì mi.

Ní Túsìdeè, Habeebullah gbé kámẹ́rà kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Kí èkúté lè jáde síta kí òun rí i dáadáa, ó bu bọ́tà ẹ̀pà sínú àwo fún un. Èkúté jáde. Ó jẹun. Ó lá àwo. Ó padà lọ mú ìyàwó rẹ̀ wá.

Habeebullah lẹ ìwé mọ́ ara fíríìjì: ohun tó jẹ, aago tó jẹ ẹ́, bó ṣe ń sanra sí i. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó ra bọ́tà ẹ̀pà ńlá.

Jabez ní tiẹ̀ ti fi ìkéde ránṣẹ́ sórí Wọ́ọ̀sáàpù àdúgbò, ó sì tún lẹ ọ̀kan mọ́ òpó ibùdókọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ ní Wẹ́sìdeè, ìlà ti gùn láti ẹnu ọ̀nà Alhájà dé igun òpópónà.

Èèyàn ti Lewisham wá. Bàbá kan mú èkúté tó ti gbẹ bí ẹja pańla wá, ó jọ pé láti ìgbà òtútù ló ti kú. Ìyá àgbà kan wá láti Brockley pẹ̀lú èyí tó ti di yìnyín. Inú fírísà ló tọ́jú ẹ̀ sí láti ọdún tó kọjá, torí kò mọ bíìnì ìdọ̀tí tó yẹ kó jù ú sí, àwọ̀ ewé ni àbí àwọ̀ dúdú. Jabez dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà pẹ̀lú bírò, ó ń ka èèyàn, ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni tí wọ́n ń bá ṣe ìkómọ.

Ọkùnrin kan wá na ọ̀rá sí Alhájà. Èkúté méjì ló wà nínú ẹ̀, wọ́n funfun bí òwú, ojú wọn pupa, wọ́n ń ta sánsán bí ọṣẹ ìwẹ̀. Kò síbi tí irú wọn ti ń wá ju ilé ìtajà ẹran ọ̀sìn lọ.

"Àwọn èyí ò tíì kú," ni Alhájà wí.

"Wọ́n máa kú tó bá yá, Mummy."

Wọ́n ń tì í láti ẹ̀yìn, àwọn tó wà lórí ìlà ń ráhùn. Alhájà fún un ní mọ́ínmọ́ín mẹ́rin, ó sáré gbé ọ̀rá sórí tábìlì kíṣìnì, ó padà sẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀rá mì. Gìrì. Gìrì-gìrì. Fàààà.

Nígbà tó máa padà dé, ihò ló kù nínú ọ̀rá.

Gbogbo mọ́ínmọ́ín tó yẹ kó tà ní Jímọ̀ ló bá ìlà yẹn lọ. Òkú èkúté kún báàgì dúdú méjì. Àwọn alààyè tó wà nínú kíṣìnì sì di mẹ́rin. Èkúté ti tán lọ́dọ̀ gbogbo aládùúgbò lóòótọ́. Ọ̀dọ̀ Alhájà nìkan ni wọ́n kù sí.

Ẹ̀rín ń pa mí, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ní Tọ́sìdeè, mo fowó ara mi ra tàkúté mẹ́ta, mo rọra tò wọ́n sẹ́yìn fíríìjì, mo lọ síbi iṣẹ́. Mo dé nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn ti ré, kò sí èkúté kankan lẹ́nu wọn. Tòún dúró tì wọ́n pẹ̀lú ọmọrogùn.

"Uncle, èmi ni mo fi igi ré wọn o. Wọn ò fọwọ́ sí i."

"Àwọn wo?"

"Àwọn èkúté. Ẹ ò sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wọn."

"Tòún, tí mo bá sọ fún wọn, ṣé wọ́n á tún wọ̀ ọ́?"

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn, Uncle."

Mo jókòó sórí àpò ìrẹsì. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń wa bọ́ọ̀sì, mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ lẹ́nu èrò. Kò sí èyí tó rẹ̀ mí tó báyìí.

Jímọ̀ pé. Láti ìdájí ni Alhájà ti ń fọ kíṣìnì. Ó gbé kámẹ́rà kúrò, ó ya ìwé Habeebullah, ó da bọ́tà ẹ̀pà nù. Ó to àwọn ọ̀mọ̀wé sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ohun yòówù kí wolé-wolé yẹn bi yín, rárá ni kí ẹ sọ. Rárá. Ọmọ ọdún méjì mọ̀ ọ́n sọ."

Wolé-wolé dé ní aago mẹ́wàá. Shiloh lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan tó mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ó wo fíríìjì, ó wo abẹ́ síǹkì, ó fi ìka nu orí kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo rẹ̀ mọ́. Àwọn èkúté náà fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kò sí èyí tó mira. Mo rí èjìká Alhájà tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Shiloh ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn. "Ẹ jọ ń lo kíṣìnì yìí ni, àbí? Ẹ̀yin náà, ṣé èkúté wà nínú ilé yìí?"

Mo rí Tòún tó ń bá ẹnu rẹ̀ jà.

"Ó dá lórí ohun tí ẹ pè ní 'wà'."

Alhájà di ara tábìlì mú.

"Irú èkúté wo?" ni Habeebullah wí. "Torí oríṣi méjì ni."

Jabez rí i pé nǹkan ti ń bàjẹ́, ó ní kí òun tún un ṣe. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Madam. Tí ẹ bá fi wé Wẹ́sìdeè, wọn ò pọ̀ sí i mọ́."

Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn funfun yẹn jáde lábẹ́ sítóòfù. Ó rìn dé àárín kíṣìnì, ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú, ó gbójú sókè wo Habeebullah.

"Àkókò oúnjẹ rẹ̀ ti tó," ni Habeebullah wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Shiloh ti kíṣìnì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ni ì bá tún ṣe? Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe, ó sì fi sùúrù ṣe é.

Alhájà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wọ sílípáàsì, ó lọ sọ́dọ̀ Sìdíkàt tó ń gbé ní òpópónà kan náà, ó sì gbé ológbò rẹ̀ dé. Ológbò sísanra kan ni, ojú kan ló ní, kò kí ẹnikẹ́ni. Alhájà tì í mọ́ kíṣìnì. Ó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ilé pa rọ́rọ́. Nígbà tí Shiloh padà wá, kò rí nǹkan kan, ó fọwọ́ sí ìwé. Àwọn oníbàárà padà. A rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìwé ìpè dé láti yunifásítì. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ti pawọ́ pọ̀ kọ ìwádìí kan lórí kíṣìnì Alhájà. Yunifásítì ní irú rẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ rí, kí báyọ́lọ́jì, fìlọ́sọ́fì àti ètò ọrọ̀ ajé jókòó pọ̀ sórí èkúté kan. Wọ́n fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ. Nínú ìwádìí náà, wọn ò pe Alhájà ní Alhájà. Wọ́n pè é ní Olùkópa Kìíní.

Èmi ni mo sìn ín lọ. Gbọ̀ngàn kún fún àwọn pùròfẹ́sọ̀. Habeebullah fi àwòrán bí èkúté ṣe sanra hàn. Tòún fi ogún ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó ni kíṣìnì gan-an, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Jabez fi ìlà kan hàn tó ń lọ sókè, ó ní ètò náà ì bá ṣiṣẹ́ ká ní mọ́ínmọ́ín ò dùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn, pa, pa, pa, fún ìgbà pípẹ́.

Pùròfẹ́sọ̀ àgbà kan tí orí rẹ̀ funfun wá dìde. Ó ní iṣẹ́ ńlá ni, òun yìn wọ́n, àmọ́ òun ò rí ohun kan nínú ìwé. Báwo làwọn èkúté ṣe wá tán?

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé wò. Wọn ò kọ ìyẹn sí i.

Alhájà dìde níbi tó jókòó sí, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Ológbò ló jẹ wọ́n."

Pùròfẹ́sọ̀ yọ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó dá a padà, ó mú bírò.

"Ẹ jọ̀ọ́, Madam. Ológbò yìí, yunifásítì wo ló wà?"

"Ilé Sìdíkàt ló wà."

Pùròfẹ́sọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.