Ẹsẹ̀ Gbígbẹ ní Erékùṣù Ìyá Ọmọ́yẹlé

Ẹjọ́ kan ti jókòó dè wá láàfin lánàá kí Ọba tó fọ ẹnu. Naomi, opó James, ló gbé e wá. Ó fa Oyèbánjí apẹja lẹ́wù wọlé, yanrìn odò Ọya ṣì wà lára àwọn méjèèjì.

"Okun o, Kábíyèsí," ni Naomi kí i. "Ọkùnrin yìí fẹ́ fi ebi pa èmi àtàwọn ọmọ mi."

Kò sẹ́ni tí kò mọ erékùṣù Ìyá Ọmọ́yẹlé ní Ọ̀wọ̀rọ̀ níbí. Bí òjò bá ń rọ̀, omi á yí i ká. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, yanrìn á yọ, a ó sì fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Wọ́n ní nígbà ogun Núpé, Ìyá Ọmọ́yẹlé fúnra rẹ̀ fi ẹsẹ̀ gbígbẹ sá gba orí yanrìn kọjá, omi sì pa dé lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé tó ń lé e lọ. Látìgbà náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ gbígbẹ débẹ̀ lọ́dún ló ń dá oko síbẹ̀ títí òjò yóò fi dé. Àwọn àna Naomi ti gba oko ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ló kù tó lè gbin ilá sí.

"Mo rìn débẹ̀ ní ìdájí, ẹsẹ̀ mi gbẹ. Ta ni mo bá? Oyèbánjí! Ó nasẹ̀, ó ń jẹ iṣu sísun!"

Ọba kọjú sí Oyèbánjí. "Báwo lo ṣe débẹ̀?"

"N kò débẹ̀, Kábíyèsí. N kò kúrò níbẹ̀ ni. Látìgbà òjò ni mo ti wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ti gbẹ kí obìnrin yìí tó jí."

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Ìyá Ọmọ́yẹlé ló ní kí n dúró ti òun."

Naomi figbe ta. Ọba gbọ́wọ́ sókè.

"Èdè wo ló bá ọ sọ?"

"Núpé ni."

"Ìyá tó sá fún Núpé?"

"Kábíyèsí, àwọn ẹlẹ́ṣin yẹn ṣì wà nísàlẹ̀ omi. Àwọn àti ìyá ti dọ̀rẹ́."

Ọbayẹmí, àgbà ìgbìmọ̀, fìbínú dìde. "Irọ́! Ogún ẹlẹ́ṣin ló rì, kò sí ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn!"

"Lọ́dún tó kọjá, o ní mẹ́wàá ni," ni Ọba wí.

"Wọ́n ń pọ̀ sí i ni, Kábíyèsí."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Tíṣà Andrew, tó ń darí akọrin ìjọ, ní òun rí Oyèbánjí níbi ìkórè, nígbà tí odò kún dẹ́nu. "Ó kọrin. Ó sì kọ ọ́ burúkú."

"Òjìji mi lẹ rí," ni Oyèbánjí dáhùn.

"Òjìji rẹ jẹ ìrẹsì àwo méjì."

Florence, ìyàwó Oyèbánjí, sáré bọ́ síwájú láti gba ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. "Òótọ́ ló sọ, Kábíyèsí! N kò fojú kàn án látìgbà òjò. Mo ń dá sùn ni."

Ọba wo ikùn rẹ̀. Gbogbo ààfin wo ikùn rẹ̀. Oyún tuntun ló wà níbẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.

"Florence," Ọba rọra pè é, "ta ló ni ìyẹn?"

Florence wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wo àjà.

"Òun náà ni!" ni Florence ké. "Ó máa ń lúwẹ̀ẹ́ wálé lálaalẹ́, á sì lúwẹ̀ẹ́ padà kílẹ̀ tó mọ́! Kò sẹ́ni tó mọ odò wẹ̀ tó ọkọ mi!"

"Oyèbánjí, ṣé oyún yìí ni tìẹ, àbí ilẹ̀ yẹn?"

Oyèbánjí wo ikùn ìyàwó rẹ̀. "Oyún ni, Kábíyèsí."

"Ẹni tó lúwẹ̀ẹ́ débẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Naomi ló ni oko."

Naomi bú sẹ́kún ayọ̀. Ọba kò tíì parí.

"Nígbà tó o mọ odò wẹ̀ tó báyìí, lọ́dọọdún, kí yanrìn tó yọ, ìwọ ni yóò máa pọn Naomi lúwẹ̀ẹ́ débẹ̀ ṣáájú gbogbo ìlú. Bí omi bá kán sí i lẹ́sẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ìwọ ni yóò bá a ro oko ilá títí òjò yóò fi dé."

"N ó gbẹ́jọ́ yìí lọ bá D.O., òyìnbó ajẹ́lẹ̀, ní Kàbà!" ni Oyèbánjí ké.

"Máa lọ. Sọ fún un pé ò ń bá òkú sọ Núpé."

Naomi nu ojú rẹ̀ nù. Ó yí Oyèbánjí po, ó tẹ èjìká rẹ̀ wò, ó sì sọ fún un pé lọ́jọ́ tó bá ń bọ̀ wá pọn òun, kó má gbàgbé ọkọ́ sílé.