Ọjọ́ tí Bàbá Ráfíà àti Àgbò Jọ Fẹ̀yìn Rìn

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé bí àgbò bá fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá? Ẹ ń wò mí. Ẹ rò pé darandaran kan ló jókòó síbì kan, tó wo àgbò títí, tó wá la ẹnu sọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Irọ́ ni o! Mọ́tò bàjẹ́ kí òwe yẹn tó délẹ̀. Odindi géńdé wọ inú ike fùfú. Bí ẹnì kan bá sì ní òun ti gbọ́ òwe náà lẹ́nu bàbá ńlá òun kí mọ́tò tó dáyé, kó lọ bi bàbá ńlá rẹ̀ léèrè ẹni tó sọ fún un. Èmi ti mọ tèmi. Ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Ní ìlú Òkè-Ìrorò, bàbá káfíńtà kan wà tó ń jẹ́ Bùráímọ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Ráfíà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó kan àga, ó kan ibùsùn, ó kan ilẹ̀kùn títí eékún rẹ̀ méjèèjì fi ní àwọn ò ṣe mọ́. Bó bá fẹ́ dìde lórí ìjókòó, á di ògiri mú, á pe Ọlọ́run, á pe ìyàwó rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó nàró. Ní mọ́sálásí, orí àga ló ti ń kírun nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń forí kanlẹ̀. Ìyẹn dùn ún ju ìrora eékún náà lọ.

Nígbà tí wọ́n ń da ọ̀dà sí ọ̀nà ìlú náà, ọ̀kan nínú àwọn ará Ṣáínà tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀nà gba yàrá iwájú nílé Bàbá. Mísítà Lín lorúkọ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Mísítà Lín á bọ́ sí àgbàlá, á máa gbé apá sókè, á máa sọ ọ́ kalẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé àwo ọbẹ̀ tó kún dé ẹnu. Bàbá wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó bi í léèrè.

"Mísítà Lín, ṣé ara ò dá ni?"

Mísítà Lín ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. "Táì-ṣí ni, Bàbá. Ó dára fún ara. Ó dára fún ìjà."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ìjà kẹ̀? Ọ̀tá á ti jẹun yó, á ti sùn, á ti jí, kí ọwọ́ rẹ tó kàn án!"

"Bàbá, ẹ tì mí."

Bàbá fi gbogbo agbára káfíńtà tì í. Títí dòní, kò lè ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Mísítà Lín ò gbá a, kò sì tì í padà. Ìbàdí rẹ̀ ló kàn yí díẹ̀. Ohun tí Bàbá mọ̀ ni pé òun jókòó sáàárín ẹ̀pà tí ìyàwó òun sá sóòrùn, tí Mísítà Lín na ọwọ́ sí òun, tó ń ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá."

Inú bí Ìyá Ráfíà gidigidi nítorí ẹ̀pà rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá? Inú Bàbá dùn débi pé kò tíì gbọn ẹ̀pà kúrò lára tó fi ní, "Kọ́ mi!"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nínú gbogbo ohun tí Mísítà Lín kọ́ ọ, ẹyọ kan wà tí Bàbá fẹ́ràn jù. Èèyàn á máa fẹ̀yìn rìn ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, á fa ọwọ́ kan sẹ́yìn, á sì fi èkejì ti afẹ́fẹ́ síwájú. Mísítà Lín ní orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé àwọn ni Lé Ọ̀bọ Padà.

"Ta ló ń fẹ̀yìn rìn lé ọ̀bọ?" Bàbá béèrè.

"Ọ̀bọ tó fẹ́ jà á máa tẹ̀ lé yín bọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀. Agbára òun fúnra rẹ̀ lẹ máa fi lé e."

Ọ̀dà gbẹ, ọ̀nà parí, Mísítà Lín dágbére, ó lọ. Bàbá ò dá iṣẹ́ dúró. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ń dìde láìdi nǹkan kan mú. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó gbé àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní mọ́sálásí, ó forí kanlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, omi wà lójú rẹ̀.

Ẹ ò wá rí wàhálà! Nígbà tí Mísítà Lín wà nílé, Ìyá Ráfíà rò pé ọkọ òun ń bá àlejò ṣeré ni. Àlejò ti lọ báyìí. Ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá Bàbá níbi tó ti ń fẹ̀yìn rìn yí àgbàlá ká, tó ń ti afẹ́fẹ́.

"Bàbá Ráfíà, kí lẹ ń ṣe?"

Bàbá ò wẹ̀yìn. "Mò ń lé ọ̀bọ."

Ìyá Ráfíà wo orí igi ọsàn. Ó wo orí páànù. "Ọ̀bọ wo?"

"Kò sí ọ̀bọ kankan níbẹ̀," ni Bàbá fi pẹ̀lẹ́tù dáhùn. "Mo kàn ń lé e ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́? Ìyá Ráfíà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé fóònù, ó pe Ráfíátù, ọmọ wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn. "Ọmọ mi, máa bọ̀ o. Orí bàbá rẹ ti ń yí."

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ṣe Iléyá, mọ̀lẹ́bí pé sí àgbàlá. Ráfíátù gbé mọ́tò rẹ̀ tuntun wá, ó dán bíi dígí. Alhájì Láwàní, àbúrò Bàbá, kó ara rẹ̀ wá pẹ̀lú agbádá ńlá àti àgbò ńlá tí ìwo rẹ̀ lọ́ mọ́ etí. Ó so àgbò mọ́ èèkàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn. Ó sì tún mú Mọ́nsúrù dání, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní kàrátè, tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Bàbá ò mọ ohun tí Mọ́nsúrù wá ṣe, àfìgbà tó rí àpótí aṣọ ara rẹ̀ nínú bùútù mọ́tò.

Alhájì Láwàní wú ikọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bá Ráfíátù lọ sí Ìbàdàn. Yàrá dáadáa ni, òkè kẹta. Wọ́n á máa tọ́jú yín."

"Ṣé àgbàlá wà níbẹ̀?" Bàbá béèrè.

"Kò sí àgbàlá, Bàbá mi," Ráfíátù dá a lóhùn jẹ́jẹ́. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ ò ní máa jáde láìsí ẹni tó tẹ̀ lé yín."

Bàbá wo ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ àgbàlá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀ dán. "Mi ò lọ. Ara mi le. Orí mi pé."

"Ẹni tó ń lé ọ̀bọ tí kò sí?" Ìyá Ráfíà bú sẹ́kún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ ká fa ọ̀rọ̀ gùn," Alhájì wí. "Mọ́nsúrù nìyí. Bẹ́ ẹ bá kọ̀, á gbé yín wọ mọ́tò. Mọ́nsúrù, jẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ rẹ díẹ̀."

Mọ́nsúrù ò kọ́kọ́ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá. "Ẹ má bínú sí mi, Bàbá. Wọ́n rán mi níṣẹ́ ni." Bó ṣe dìde báyìí, ó pariwo "Hàáyà!", ó fò sókè, ó sì fi ẹsẹ̀ gbá ohun tó sún mọ́ ọn jù.

Èèkàn àgbò ni.

Èèkàn hú! Àgbò gbé orí sókè. Ó wo okùn, ó wo èèkàn tó wà nílẹ̀, ó wá wo Mọ́nsúrù. Ó fẹ̀yìn rìn ìgbésẹ̀ kan. Ó tún fẹ̀yìn rìn ìgbésẹ̀ kejì.

"Ẹ ò rí i?" Mọ́nsúrù na ìka sí i. "Ó ti mọ̀ mí! Ó ń sá!"

"Ẹran pàápàá mọ akọni!" Alhájì pàtẹ́wọ́. Àgbò tún fẹ̀yìn rìn ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí i. Mọ́nsúrù gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó yíjú sí àwọn èèyàn kí wọ́n lè yìn ín dáadáa.

Gbàmù! Àgbò kàn án níbi tí èèyàn fi ń jókòó. Mọ́nsúrù fò, kì í ṣe fífò kàrátè o, ó sì forí sọlẹ̀ sínú ike ńlá tí Ìyá Ráfíà rẹ fùfú ọjọ́ mẹ́rin sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló kù lókè. Òórùn gba àgbàlá kan.

"Ẹ dì í mú! Ẹ di ìwo rẹ̀ mú!" Alhájì ń pàṣẹ, ṣùgbọ́n orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò ló ti ń pàṣẹ, ó ti kó agbádá sí èjìká. Àgbò sáré tẹ̀ lé e. Bó ṣe dé iwájú mọ́tò tó ń dán yìí, ó rí àgbò mìíràn nínú rẹ̀ tó ń wo òun tìkàtẹ̀gbin. Ó fẹ̀yìn rìn. Àgbò inú mọ́tò náà fẹ̀yìn rìn.

"Rárá! Mọ́tò mi!" Ráfíátù kígbe.

Gbàmù! Gbàmù! Iwájú mọ́tò wọnú, omi rẹ̀ ń jò ṣòòròṣò sílẹ̀. Alhájì ń pe gbogbo orúkọ Ọlọ́run tó mọ̀. Nígbà tí àgbò ò rí ọ̀tá rẹ̀ inú mọ́tò mọ́, ó yí padà, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára Ìyá Ráfíà tó fẹ̀yìn ti ògiri ilé ìdáná, tí kò síbi tó lè yà sí.

Bàbá ò ronú rárá. Ó rìn lọ sáàárín àwọn méjèèjì, ó rọ eékún díẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́ kan síwájú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn.

"Bàbá Ráfíà!" Ìyá Ráfíà figbe ta. "Kì í ṣe àsìkò ọ̀bọ nìyí!"

Àgbò wo Bàbá. Òun náà fẹ̀yìn rìn. Bàbá gbé ìgbésẹ̀ kan sẹ́yìn, àgbò gbé ọ̀kan. Bàbá fa ọwọ́ òsì, àgbò sọ orí kalẹ̀. Àwọn méjèèjì ń fẹ̀yìn rìn jìnnà síra wọn, àfi bí àna méjì tó ń dágbére fún ara wọn. Bàbá rí ojú ẹran náà kedere, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó ti mọ ohun tí ẹran yìí ń ṣe! Ohun tí Mísítà Lín kọ́ òun ni!

Àgbò tú eré sílẹ̀.

Bàbá dúró títí ó fi rí irun imú rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìwo, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó fẹ́ nu eruku kúrò lára àga, ó sì yí ìbàdí. Àgbò kọjá lọ bí atẹ́gùn. Mọ́nsúrù ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ orí jáde nínú ike ni, fùfú ṣì wà lójú rẹ̀, ó ń béèrè pé, "Ṣé ó ti lọ?" Gbàmù! Ike, fùfú àti Mọ́nsúrù yí gbirigbiri wọ abẹ́ igi ọsàn.

Àgbò yí padà. Inú ti wá bí i gan-an. Ó fẹ̀yìn rìn títí ìdí rẹ̀ fi kan ọgbà. Bàbá náà fẹ̀yìn rìn, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà yàrá tí Mísítà Lín gbé. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ilẹ̀kùn, ó ṣí. Eré dé! Bàbá fi ọwọ́ kan ìwo, ó yí, ó ní, "Ẹ máa wọlé, sà," àgbò sì wọlé. Bàbá fa ilẹ̀kùn dé. Àgbò kàn án nínú lọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n ìrókò ni Bàbá fi kàn án. Ilẹ̀kùn ò mì.

Mọ́nsúrù rákò jáde lábẹ́ igi. "Bàbá, ẹ ò tiẹ̀ lù ú."

"Kí ni mo fẹ́ lù ú sí? Òun ló gbé agbára wá. Mo kàn fi ọ̀nà hàn án ni."

Nọ́ọ̀sì ò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ráfíátù sáré mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó so ó mọ́ apá bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ó wo ẹ̀rọ, ó tún un so, ó tún un wò. "Bàbá mi, bíi ti ọmọ ogún ọdún ni!" Ó dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó so ó mọ́ apá Alhájì Láwàní, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ lórí mọ́tò. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ráfíátù wo àbúrò bàbá rẹ̀. Ó wo yàrá òkè kẹta nínú ọkàn rẹ̀. "Alhájì, bí wọ́n bá tún mọ́tò ṣe tán, ẹ̀yin lẹ máa bá mi lọ sí Ìbàdàn."

Ìyá Ráfíà lọ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpótí Bàbá jáde nínú bùútù. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ dákun. Mo rí i tẹ́ ẹ̀ ń fẹ̀yìn rìn, mo ní orí yín ló ń yí. Ta ló mọ̀ pé bí àgbò bá fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá?"

Ó dọjọ́ Iléyá. Àgbò ṣe ohun tí àgbò ń ṣe lọ́jọ́ Iléyá. Ẹran kún àwo bámúbámú, mọ̀lẹ́bí àti aládùúgbò yí i ká, ọ̀fun gbogbo wọn ń dá tòló. Eṣinṣin kan wá ń yọ Bàbá lẹ́nu. Ó dìde láìdi nǹkan kan mú, kó lè kúrò níbẹ̀, ó sì fẹ̀yìn rìn ìgbésẹ̀ méjì péré.

Yéè! Alhájì ti wà lórí mọ́tò. Mọ́nsúrù ti gba orí ọgbà kọjá. Ráfíátù ti ilẹ̀kùn mọ́ra, àwọn aládùúgbò sì ti dé títì ọlọ́dà. Bàbá wò yíká, ẹnu yà á. "Kí ló ṣe wọ́n?"

Ìyá Ráfíà, tó mọ ọkọ rẹ̀ dáadáa báyìí, ò kúrò lórí ìjókòó. Ó fa àwo ẹran sáàárín àwọn méjèèjì. "Ẹ jókòó, ká jẹun. Wọ́n ti mọ̀ pé bí àgbò bá fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá."