Àìsàn Ológbò Olorì

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o, ará Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́! Ẹni tó ń gúnyán, kó dá ọmọ odó dúró! Kábíyèsí kí yín. Ó ní kí Ògúnrìndé akéde sọ fún yín pé Ṣẹ̀gi ò kú!

Ṣẹ̀gi, ológbò Olorì Morẹ́nikẹ́jì. Kò kú o!

Kábíyèsí ló ra òdòdó funfun kan bọ̀ láti Ìbàdàn. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sójú fèrèsé Olorì. Ṣẹ̀gi jẹ ewé rẹ̀. Ó bì. Ó tún bì! Ọjọ́ mẹ́ta ni Kábíyèsí fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó di ẹran náà lọ́wọ́ mú, tó ń pè é lọ́mọ. Àwọn tó gbé ẹjọ́ ilẹ̀ wá padà sílé. Àwọn tó wá sọ pé kànga ọjà ti gbẹ padà sílé. Dókítà ẹranko ló yọ wá. Ó ní májèlé ni òdòdó yẹn fún ológbò.

Òfin dé!

Èkíní: òdòdó tó lè pa ológbò kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ gbé e sókè àjà! Bí ológbò bá gun àjà, ẹ gbé àjà sókè sí i!

Èkejì: ẹ hú gbogbo lápálápá tí ẹ fi ṣe ọgbà, májèlé ni òun náà! Bí ewúrẹ́ bá wọlé jẹ ẹ̀fọ́ yín, ẹ fara dà á. Ewúrẹ́ kì í ṣe ẹran Olorì!

Ẹ̀kẹta: àlùbọ́sà! Òun náà ń pa ológbò. Ẹ fi í pamọ́, àti èèpo rẹ̀!

Ẹni tó bá rú òfin yìí yóò pọn Ṣẹ̀gi yí ìlú ká lẹ́ẹ̀meje, yóò máa bẹ̀ ẹ́. Ṣẹ̀gi ló máa sọ ìgbà tó tó!

Ẹ ń béèrè pé ẹni tó ra òdòdó ọ̀hún ńkọ́? Àwọn ìjòyè ti jókòó dá ẹjọ́ náà. Ọba kì í jẹ̀bi. Ìkòkò òdòdó ló jẹ̀bi. A ti lé ìkòkò kúrò nílùú!

Ilé akéde ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í hú lápálápá lọ́sàn-án yìí. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́. Ó ti gbé àga sẹ́nu ọgbà, ó gbé àdá lé itan. Ó ní kẹ́ni tó bá láyà wá hú u. Akéde ò ní í tètè délé lónìí.

Ògúnrìndé ló kéde, òun kọ́ ló ṣòfin! Ẹni tínú bá ń bí, ọ̀nà ààfin nìyẹn! Àwẹ̀ró, bó o bá ń gbọ́, iṣẹ́ ni wọ́n rán ọkọ rẹ o!