Ojú Ewé Mẹ́rin Nínú Irinwó

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti lù nígbà tí olùkọ́ sìtátísíìkì, obìnrin kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Ìyá Ìṣirò, já wọ ọ́fíìsì olùkọ́ ìtàn bí ẹni tí ajá ń lé. Òfin ilé ẹ̀kọ́ wọn ni pé ẹ̀kọ́ yòówù tó bá fẹ́ gorí íńtánẹ́ẹ̀tì, olùkọ́ láti ẹ̀ka mìíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò pa lórí kọ̀ǹpútà. Bí tirẹ̀ kò bá wọlé, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lópin oṣù nìyẹn. Bàbá Ìtàn, olùkọ́ ìtàn tí wọ́n yàn láti yẹ tirẹ̀ wò, gbé ẹsẹ̀ lé àga kejì, ó ń ro tíì bí ẹni tó ṣì ní ẹgbẹ̀rún ọdún nílẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ dákun, ṣé ẹ ti yẹ ẹ̀kọ́ mi wò?"

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ mi. Jókòó. Ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ ni. Mi ò tíì rí èyí tó yé mi tó bẹ́ẹ̀ rí."

"Ẹ ṣé o, Bàbá mi! Ẹ ó pẹ́ fún wa!"

"Igba ojú ewé ló bàjẹ́ nínú ẹ̀."

Ìyá Ìṣirò ti ń jókòó lọ. Ìdí rẹ̀ dúró sí agbede méjì òfuurufú àti àga.

"Igba kẹ̀? Nínú irinwó?"

"Ìdajì géérégé."

"Àwọn igba wo, Bàbá?"

"Ìyẹn ni mi ò mọ̀. Mẹ́rin ni mo kà."

"Ẹ ka mẹ́rin, ẹ wá rí igba tó bàjẹ́?"

"Ta ló kọ́ mi? Ṣebí ìwọ ni! Mo dijú, mo nàka sí kọ̀ǹpútà, ìka mi bọ́ sí ojú ewé ẹ̀kọ́ kejì." Ó gbé awò sójú, ó kà á bí ẹni tó ń kéde láàárín ìlú: "'Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ ọbẹ̀ tó, ṣíbí kan ló ń tọ́ wò, kì í gbé ìkòkò mì.' Ìwọ lo kọ ọ́ ni àbí iwin?"

"Èmi ni, àmọ́..."

"Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ka ìwé láti èèpo dé èèpo! Ta ló ṣe mí? Lójú ẹsẹ̀ ni mo tún dijú, mo nàka lẹ́ẹ̀kejì. Òfìfo ni mo bá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé 'Fídíò ń bọ̀'. Mo dúró dè é títí tíì mi fi tutù. Kò dé."

"Yéè! Mo gbàgbé ìyẹn."

"Mo nàka lẹ́ẹ̀kẹta, fídíò dé, àmọ́ ẹnu rẹ ń lọ, ohùn ò jáde. Mo ní ó ti tán, mo ti di adití. Mo pe ìyàwó mi lórí fóònù pé kó pariwo mọ́ mi."

"Ṣé ó pariwo?"

"Kí n tó bẹ̀ ẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Etí mi ò ṣe nǹkan kan, fídíò rẹ ló yadi. Méjì bàjẹ́ nínú mẹ́rin. Nínú irinwó ńkọ́?"

"Méjì yẹn nìkan ló bàjẹ́, Bàbá! Màá tún wọn ṣe kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ ka ìyókù, ẹ ó rí i."

"Kí n ka ìyókù? Kí n wá gbé ìkòkò mì? Bó bá jẹ́ pé dandan ni kí n kà á tán, a jẹ́ pé irọ́ ni ẹ̀kọ́ kejì pa. Bí ẹ̀kọ́ kejì bá pa irọ́, mẹ́ta ló bàjẹ́ nínú mẹ́rin. A ti wọ ọ̀ọ́dúnrún nìyẹn."

Ìyá Ìṣirò fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, kí ojú ewé mìíràn má baà bàjẹ́. Ó fi ìbẹ̀rù yọ ọ̀rọ̀ kan jáde láàárín ìka.

"Ìkẹrin ńkọ́, sà?"

"Háà, ìyẹn dùn! Ó ní, 'Ẹ kú oríire, ẹ ti parí ẹ̀kọ́ náà.' Ìwé ẹ̀rí sì jáde."

Ó nawọ́ sí ògiri. Ìwé ẹ̀rí wà nínú férémù, ó gorí àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀, ojú ìyàwó nìkan ló ṣẹ́kù tó ń yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ìfọwọ́sí Ìyá Ìṣirò fúnra rẹ̀ ni.

"Ìwọ lo fọwọ́ sí i pé mo mọ̀ ọ́n dójú àmì. Kí lo tún ń bá mi jiyàn sí?"

"Bàbá, mẹ́rin kéré! Ẹ̀kọ́ kẹta sọ bẹ́ẹ̀!"

"Ìka mi ò dé ẹ̀kọ́ kẹta."

Ìyá Ìṣirò gbá ìka náà mú, ó fi tẹ kọ̀ǹpútà.

"Ó ti débẹ̀ báyìí, sà."

Bàbá Ìtàn kà á, ètè rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

"Hùn-ún. Òótọ́ ni. Bí ṣíbí bá kéré jù, ahọ́n á purọ́. Mi ò lè sọ pé ẹ̀kọ́ rẹ bàjẹ́ mọ́."

"Ọlọ́run ṣeun o!"

"Mi ò sì lè sọ pé ó dáa."

"Bàbá! Àpótí méjì ló wà nínú fọ́ọ̀mù: 'Mo gbà á' àti 'Mi ò gbà á'. Kò sí 'Mi ò mọ̀' ńbẹ̀!"

"A jẹ́ pé fọ́ọ̀mù ló bàjẹ́. Ta ló yẹ òun wò?"

Ìyá Ìṣirò kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Nígbà tẹ́ ẹ jí láàárọ̀ yìí, ṣé ẹ mọ nǹkan kan nípa ìtọ́wò?"

"Rárá o."

"Báyìí ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó lè fi tàn mí jẹ mọ́ láyé."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ẹ̀kọ́ rẹ ni."

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ gbà á!"

"Èmi nìkan ṣoṣo, nínú ẹgbẹ̀ta akẹ́kọ̀ọ́ tó máa kà á? Ọmọ mi, ẹ̀kọ́ kẹta ò ní gbà."

Ìyá Ìṣirò forí sọ tábìlì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù. Níbi tó forí lé, ojú rẹ̀ bá fọ́ọ̀mù tó wà lójú kọ̀ǹpútà pàdé, ó sì fò dìde bí ẹni tí tanpẹ́pẹ́ ta.

"Ẹ ka ìbéèrè tó wà lókè àpótí yẹn, sà!"

"'Ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ yìí yé ẹ̀yin tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò?'"

"Ta ni wọ́n ń bi?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin mélòó?"

Bàbá Ìtàn wo ara rẹ̀ láti ikùn dé bàtà, ó fara balẹ̀ kà á.

"Ọ̀kan."

"Ṣé ó ku ibì kan lára yín nílé?"

"Gbogbo mi ló jókòó síbí."

"Ẹ rí i! Ẹgbẹ̀ta akẹ́kọ̀ọ́ ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìbéèrè yẹn, ẹ kì í ṣe ṣíbí, Bàbá. Ẹ̀yin ni ìkòkò!"

Bàbá Ìtàn dìde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń fi jọba.

"Èmi ni ìkòkò?"

"Odindi, sà!"

"Èmi ni odindi ìkòkò!" Ó sì tẹ 'Mo gbà á' gbàgà.

Kọ̀ǹpútà ní ó ti wọlé. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Ìyá Ìṣirò na gbalaja sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ó ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà tún dún: ẹni tí wọ́n bá yẹ tirẹ̀ wò, òun náà gbọ́dọ̀ yẹ ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ̀kọ́ Bàbá Ìtàn ló yọ sójú rẹ̀: Ìtàn Ayé Láti Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Títí Di Àná, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ojú ewé.

Ìyá Ìṣirò dìde, ó gbọn eruku aṣọ nù, ó dijú, ó nàka. Bàbá Ìtàn gbá ìka náà mú lókè.

"Rọra o, ọmọ mi. Nínú ìtàn, bí o bá fo ojú ewé kan péré, wọ́n á ti pa ọba kí o tó dé."